Ẹ má ṣe da omi ọyàn àkọ́kọ́ nù

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà, ẹ má ṣe kánjú. Ẹ fi ìka tọ ọ̀rọ̀ yìí lọ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá rẹ̀ yín, ẹ dúró, kí ẹ sì padà wá lọ́la. Ìwé kì í sá lọ.

Djidjolé, ní ìlú Lomé, ni mo ti kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí. A ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà kan níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ọjà bá ti tú. Ìyá ọlọ́jà ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn ọmọ Yorùbá tí àwọn ará Lomé ń pè ní Ànàgó. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a ń kọ́ bí a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ náà, ọmú. Mo kọ ọ́ sára pátákó. Obìnrin kan tí oyún rẹ̀ ti tó oṣù mẹ́jọ na ọwọ́ sókè. Mo rò pé ó fẹ́ béèrè nípa àmì tó wà lórí ọ̀rọ̀ náà ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní:

"Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ìyá ọkọ mi ti ní bí mo bá bímọ, kí n fún omi ọyàn àkọ́kọ́ dànù. Wọ́n ní ìdọ̀tí ni. Wọ́n ní omi gbígbóná àti àgbo ni kí ọmọ máa mu títí ọyàn yóò fi funfun. Agbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn sì ní n kò gbọdọ̀ dà á nù. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?"

Kíláàsì dákẹ́. Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan ní ìyá àgbà ló tọ́ gbogbo wa dàgbà. Àwọn kan ní ayé ti yí padà. Èmi kò dáhùn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Olùkọ́ ìwé ni mí, n kì í ṣe dókítà. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Mo lọ bá àwọn agbẹ̀bí, mo ka ìwé, mo béèrè. Ohun tí mo rí ni mo padà wá sọ fún wọn. Òun náà ni mo kọ síbí yìí fún ẹ̀yin tí ẹ wà ní abúlé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bọlá fún àwọn ìyá wa. Wọn kò kórìíra ọmọ. Omi ọyàn tó ń jáde ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta kò jọ wàrà. Ó ki. Ó pupa rúsúrúsú bí pupa ẹyin. Kò sì pọ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ó lè má ju ṣíbí kékeré kan tàbí méjì lọ nígbà tí ọmọ bá mu ún lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá wò ó lè rò pé ó ti pẹ́ jù nínú ọyàn, pé ó ti bàjẹ́. Èrò yìí kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Ní àríwá Gánà, láàárín àwọn Kassena àti Nankana, àwọn kan máa ń fi èèrà dán omi ọyàn wò. Wọ́n á fún díẹ̀ sínú igbá, wọ́n á fi èèrà sí i. Bí èèrà bá kú, wọ́n á ní omi ọyàn náà korò, wọ́n á sì máa tọ́jú ìyá kó tó lè fún ọmọ lọ́mú. Ní gbogbo àkókò yẹn, omi àti àgbo ni ọmọ ń mu. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná, èèrà tó bá kó sínú ohun tó ki, ṣé kò ní kú? Ó lè kú sínú oyin pàápàá. A kì í sì da oyin nù.

Èmi tí mo ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ọkùnrin ni mí. Ẹ má ṣe sọ pé kí ló kan ọkùnrin níbẹ̀. Nígbà tí ìyàwó mi bí àkọ́bí wa, èmi ni mo lọ sí ọjà lọ ra ìgò ọmọ àti agolo mílíìkì. Mo ti jáde ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ nígbà yẹn, owó oṣù sì ti ń wọlé. Mo fẹ́ kí àwọn ará ilé rí i pé ọmọ olùkọ́ ni. Àwòrán ọmọ kan tó sanra wà lára agolo náà. Ìyàwó mi ń fún ọmọ lọ́mú, ó tún ń fún un ní ìgò. Ọmọ kò tíì pé oṣù méjì tí ìgbẹ́ gbuuru fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ojú rẹ̀ ti wọnú, àwújẹ̀ rẹ̀ ti rì. Ó ń sunkún, omijé kò jáde.

A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Agbẹ̀bí àgbà kan gba ìgò náà lọ́wọ́ mi. Ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó béèrè pé, "Ta ló ra èyí?" Mo ní, "Èmi ni, Mà." Kò bú mi. Ó kàn ní kí n wo inú ọmú rọ́bà orí ìgò náà. Mílíìkì àná ti gbẹ mọ́ ọn nínú. Ní gbogbo òru ọjọ́ náà, a ń fi ṣíbí fún ọmọ ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n fi ń tọ́jú ìgbẹ́ gbuuru, ìyá rẹ̀ sì ń fún un lọ́mú. Ọmọ náà yè. Ó ti ń lọ sí ilé ìwé báyìí, ó sì ń dààmú wa dáadáa. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn tí tiwọn kò yè.

Nítorí náà, nígbà tí obìnrin yẹn béèrè ìbéèrè rẹ̀ ní Djidjolé, mo mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ni ìdáhùn wà fún.

Kí ló wà nínú omi ọyàn tí kò sí nínú agolo? Oúnjẹ wà nínú méjèèjì. Kí ni ìyàtọ̀?

Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí: kòkòrò àrùn. Ẹ kà á pẹ̀lú mi: kò-kò-rò à-rùn. Ojú lásán kò lè rí wọn. Wọ́n wà nínú omi kànga. Wọ́n wà lára ọwọ́ tí a kò fi ọṣẹ fọ̀. Wọ́n wà lẹ́sẹ̀ eṣinṣin. Kì í ṣe gbogbo wọn ló burú, ṣùgbọ́n àwọn kan ń fa ìgbẹ́ gbuuru, àwọn kan ń fa òtútù àyà, àwọn kan ń fa onígbáméjì. Nínú oyún, ibi tó mọ́ ni ọmọ wà. Ní ọjọ́ tí a bí i, ó bọ́ sáàárín gbogbo wọn. Ó dà bí ẹni tó wọ ọjà lọ́sàn-án gangan láìwọ bàtà. Ara rẹ̀ kò tíì mọ ogun jà. Inú ìfun rẹ̀ ṣì tutù, ó ṣì ṣẹlẹgẹ́. Yóò gba ọ̀pọ̀ oṣù kí ara rẹ̀ tó lè ṣe ohun ìjà tó pọ̀ tó.

Ara àgbàlagbà yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ àrùn tó ti kọlù wá láti kékeré, ara wa rántí wọn. Ara wa ń ṣe àwọn ohun kéékèèké kan tó mọ kòkòrò àrùn, tó sì ń dì mọ́ wọn. Àwọn dókítà tí ń sọ Faransé ń pè wọ́n ní anticorps. Ní kíláàsì wa, a pè wọ́n ní ọdẹ. Kì í ṣe ọdẹ tó ń wọ igbó lọ pa ẹran ni mo ń wí o. Ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò lóru ni. Ọdẹ kọ̀ọ̀kan mọ olè tirẹ̀. Bí kọ́kọ́rọ́ kan kì í ṣe é ṣí gbogbo àgádágodo, bẹ́ẹ̀ ni ọdẹ tó mọ kòkòrò onígbáméjì kò mọ kòkòrò òtútù àyà. Ìdí nìyí tí ara fi ní oríṣiríṣi wọn láìlóǹkà.

Ọ̀nà méjì ni ìyá fi ń fún ọmọ rẹ̀ ní ọdẹ. Ọ̀nà kìn-ín-ní wà kí a tó bí ọmọ. Ọdẹ inú ẹ̀jẹ̀ ìyá ń gba inú ibi ọmọ kọjá sínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ fún oṣù mélòó kan. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń gún aláboyún ní abẹ́rẹ́ tétanos, àrùn tó ń mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun le tí kò fi ní lè mu ọmú mọ́. Ìyá ni a gún, ọmọ náà sì pín nínú rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni omi ọyàn. Ọdẹ tó pọ̀ jù nínú omi ọyàn yàtọ̀ sí ti inú ẹ̀jẹ̀. Àwọn dókítà ń kọ orúkọ rẹ̀ báyìí: IgA. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín, lẹ́tà mẹ́ta péré ni. Ọdẹ yìí kì í wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ lọ. Ẹnu ọ̀nà ló ń dúró sí: nínú ẹnu, lọ́nà ọ̀fun, títí dé inú ìfun. Ó ní ìbora kan lára tí kì í jẹ́ kí inú tètè dà á bí ó ṣe ń da ẹran àti ẹyin. Nígbà tí kòkòrò àrùn bá wọlé, ọ̀pọ̀ IgA á rọ̀ mọ́ ọn, wọ́n á so wọ́n pọ̀ mọ́ra wọn. Kòkòrò náà kò ní lè di ara ìfun mú. Kòkòrò tí kò bá sì rí ibi dì mú, ìgbẹ́ ni yóò bá jáde. Kò sí ibà, kò sí ariwo. Ọmọ ń sùn lọ ní tirẹ̀.

Níbo ni ọdẹ wọ̀nyí pọ̀ sí jù? Nínú omi ọyàn àkọ́kọ́ tí a ń dà nù yẹn ni. IgA tó wà nínú omi ọyàn ọjọ́ kìn-ín-ní pọ̀ ju ti wàrà funfun tó ń jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Omi náà kéré, ṣùgbọ́n ọdẹ ló kún inú rẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Irú ohun tó mú kí epo pupa pupa, irú rẹ̀ ló mú kí omi ọyàn àkọ́kọ́ pupa rúsúrúsú. Ohun tó dára fún ojú ọmọ ni. Nígbà tí mo sọ èyí ní kíláàsì, ìyá kan tó ń ta epo pa àtẹ́wọ́. Omi ọyàn yìí tún ń mú kí ọmọ tètè ya ìgbẹ́ dúdú àkọ́kọ́ tó wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ tí a ní kí àgbo wá ṣe, ọyàn ti ń ṣe é.

IgA nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Ohun kan wà nínú omi ọyàn tó ń kó irin pamọ́ fún àwọn kòkòrò tó nílò irin láti fi bí sí i. Òmíràn ń lu ara kòkòrò ní ihò. Oríṣi ṣúgà kan wà níbẹ̀ tí ọmọ fúnra rẹ̀ kì í jẹ: àwọn kòkòrò rere inú ìfun rẹ̀ ló ń jẹ ẹ́, wọ́n á pọ̀, àwọn kòkòrò búburú kò sì ní rí àyè. Ẹ jẹ́ kí a fi wọ́n sílẹ̀ báyìí ná, kí ọ̀rọ̀ má baà pọ̀ jù.

Nígbà tí mo dé ibí yìí, ẹnì kan béèrè láti ẹ̀yìn kíláàsì pé, "Olùkọ́, báwo ni ọyàn ṣe mọ àrùn tó wà ní àdúgbò wa?"

Ìbéèrè yìí dùn mọ́ mi nínú gan-an. Ìdáhùn rẹ̀ nìyí. Ìyá àti ọmọ, ilé kan náà ni wọ́n ń gbé. Eruku kan náà ni wọ́n ń fà símú. Kòkòrò tó bá wà nínú omi ilé, inú ìyá ló máa ń kọ́kọ́ wọ̀. Lára ìfun ìyá, àwọn ọmọ ogun ara rẹ̀ á mú un, wọ́n á wo bí ó ṣe rí, wọ́n á kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, díẹ̀ nínú wọn á gbéra. Wọ́n á gba inú ẹ̀jẹ̀ rìn lọ. Bí obìnrin náà bá jẹ́ aláboyún tàbí abiyamọ, ọ̀pọ̀ wọn á lọ fìdí kalẹ̀ sínú ọyàn. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa ṣe IgA tó bá kòkòrò yẹn gan-an mu, IgA náà á sì bọ́ sínú omi ọyàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún kòkòrò tó bá gba imú àti ọ̀fun wọlé.

Ẹ rò ó wò. Omi ọyàn ìyá tó ń gbé ní Djidjolé ní ọdẹ tó mọ àwọn olè Djidjolé. Omi ọyàn ìyá tó ń gbé ní Atakpamé ní ọdẹ tó mọ àwọn olè Atakpamé. Bí ìyá bá kó lọ sí ìlú mìíràn pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, ọyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn olè ibẹ̀ náà. Kò sí ilé iṣẹ́ kan láyé tó lè ṣe irú èyí sínú agolo fún yín. Wọn kò mọ kànga tí ẹ ti ń pọn omi.

Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ ìyá tó ń wúkọ́ fi ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ ìyá máa ń gba ọmú lẹ́nu ọmọ nígbà tí òtútù tàbí ikọ́ bá ń ṣe wọ́n. Wọ́n á ní àwọn kò fẹ́ kó ran ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ yín ni ọmọ ń sùn. Kí ẹ tó mọ̀ pé ikọ́ ti mú yín, ó ṣeé ṣe kí kòkòrò náà ti dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ní àkókò yẹn gan-an ni ara yín ń ṣe ọdẹ tó mọ ikọ́ náà. Ẹni tó bá gba ọmú lẹ́nu ọmọ lọ́jọ́ yẹn, ó lé ọdẹ lọ ní òru tí olè dé ni. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ fi aṣọ bo ẹnu bí ẹ bá ń wúkọ́, kí ẹ sì máa fún ọmọ lọ́mú lọ. Nígbà tí àrùn kòrónà jà káyé ní 2020 àti 2021, àwọn onímọ̀ yẹ omi ọyàn àwọn ìyá tí àrùn náà ti ṣe wò. Wọ́n rí ọdẹ tó mọ kòkòrò kòrónà nínú rẹ̀. Wọ́n rí i náà nínú omi ọyàn àwọn ìyá tó gba abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Báwo ni a ṣe mọ gbogbo èyí? Àwọn ará ilé ẹ̀kọ́ àgbà kì í gba nǹkan gbọ́ láìdán an wò. Ní 1892, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Paul Ehrlich, ará Jámánì, fi eku kéékèèké ṣe ìdánwò. Ó ń fún àwọn ìyá eku kan ní májèlé díẹ̀díẹ̀ títí májèlé náà kò fi lè pa wọ́n mọ́. Lẹ́yìn náà, ó pààrọ̀ àwọn ọmọ. Ó gbé ọmọ àwọn eku tí kò gba májèlé rí fún àwọn ìyá tó ti gbà á láti fún lọ́mú. Àwọn ọmọ yẹn di ẹni tí májèlé náà kò tètè lè pa. Kì í ṣe inú oyún ni wọ́n ti rí ààbò yẹn. Inú omi ọyàn alágbàtọ́ wọn ni. Ó pẹ́ lẹ́yìn náà, ní 1961, kí Lars Hanson, ará Swídìn, tó fi hàn pé IgA inú omi ọyàn yàtọ̀ sí ti inú ẹ̀jẹ̀.

Eku ni eku, ẹ lè sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wá sọ́dọ̀ ènìyàn. Onígbáméjì dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1970, kò sì ì tíì fi wá sílẹ̀ pátápátá. Ní ilẹ̀ Bangladesh, níbi tí àrùn yìí ti wọ́pọ̀, àwọn dókítà lọ sí àwọn ilé tí onígbáméjì ti wọ̀. Wọ́n gba díẹ̀ nínú omi ọyàn àwọn ìyá ibẹ̀, wọ́n sì ń ṣọ́ àwọn ọmọ tó ń mu ọmú. Wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí jáde ní 1983. Kòkòrò onígbáméjì wọ inú àwọn ọmọ kan, yálà omi ọyàn ìyá wọn ní ọdẹ púpọ̀ tàbí díẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí kòkòrò wọ inú wọn, àwọn tí ìyá wọn ní ọdẹ onígbáméjì púpọ̀ nínú omi ọyàn kì í sáábà ṣàìsàn. Olè wọlé, kò rí nǹkan gbé.

Èyí tó sún mọ́ wa jù lọ ni ti Kintampo, ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Gánà. Ibẹ̀ jọ abúlé wa: iṣẹ́ oko ni iṣẹ́ wọn, wọ́n sì ń fún ọmọ lọ́mú. Àwọn onímọ̀ tọpa ọmọ 10,947 tí a bí láàárín oṣù Keje 2003 àti oṣù Kẹfà 2004. Gbogbo àwọn ọmọ yìí ló mu ọmú. Ohun tí wọ́n ń wò ni pé, ìgbà wo ni a kọ́kọ́ fi ọmú sí wọn lẹ́nu? Ṣé láàárín wákàtí kan ni? Ṣé ní ọjọ́ kìn-ín-ní ni? Ṣé ó di ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta?

Wọ́n kọ èsì rẹ̀ jáde ní 2006. Bí ọmú bá ṣe ń pẹ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ikú ọmọ tuntun ń pọ̀ sí i. Ikú láàárín àwọn tí kò rí ọmú ní ọjọ́ kìn-ín-ní ju ìlọ́po méjì lọ sí ti àwọn tó rí i. Wọ́n ṣírò rẹ̀ báyìí: nínú ọmọ tuntun 100 tó ń kú lẹ́yìn ọjọ́ kìn-ín-ní kí wọ́n tó pé oṣù kan, 16 ni ìbá yè bí gbogbo ọmọ bá ń mu ọmú ní ọjọ́ kìn-ín-ní. Bí ó bá jẹ́ láàárín wákàtí kan tí a bí wọn ni, 22 ni ìbá yè. Ẹ ka 22 yẹn lórí ìka ọwọ́ àti ìka ẹsẹ̀ yín, kò ní tó.

Ẹnì kan ní kíláàsì ní, "Bóyá àwọn ọmọ tó ti ń ṣàìsàn ni kò lè mu ọmú kíákíá." Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni. Àwọn onímọ̀ náà rò ó. Wọ́n yọ àwọn ọmọ tí ara wọn kò dá láti ìbẹ̀rẹ̀ kúrò, wọ́n tún ìṣirò ṣe. Ìyàtọ̀ náà kò lọ. Ní 2007, wọ́n tún kọ ọ́ jáde pé ikú tí kòkòrò àrùn fà ni pípẹ́ ọmú ń mú pọ̀ sí i. Gbígbé ọmọ mọ́ àyà pàápàá dára, nítorí ó ń mú ara rẹ̀ gbóná.

Ní Kintampo náà, wọ́n rí i pé ọmọ tuntun tí a fún ní mílíìkì mìíràn tàbí oúnjẹ pẹ̀lú ọmú, ikú pọ̀ láàárín wọn ní ìlọ́po mẹ́rin ju ti àwọn tó mu ọmú nìkan lọ. Èyí ló mú mi rántí ìgò tèmi. Mílíìkì agolo jẹ́ oúnjẹ, ṣùgbọ́n kò sí ọdẹ tìrẹ nínú rẹ̀. Màlúù ṣe ọdẹ fún ọmọ màlúù, iná ilé iṣẹ́ sì ti ba ìyẹn náà jẹ́. Ìgò àti omi tí a fi pò ó sì tún jẹ́ ọ̀nà tí kòkòrò ń gbà wọlé. Ní oṣù Karùn-ún 1981, àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Geneva, wọ́n fi ìlànà lélẹ̀ pé kí a má ṣe polówó irú mílíìkì bẹ́ẹ̀ fún àwọn ìyá, kí a má ṣe fi fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́ láti tọ́ ọ wò, kí a má sì ya àwòrán ọmọ sára agolo rẹ̀. N kò mọ̀ nígbà tí mo ń ra tèmi.

Omi ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yìí ló fa ìjà jù ní kíláàsì. Ooru Lomé ní oṣù Kẹta, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Àwọn ìyá ní, "Ṣé òùngbẹ kò ní gbẹ ọmọ pa ni?" Ẹ wò ó, bí a bá pín omi ọyàn sí ife mẹ́wàá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ife mẹ́sàn-án ló jẹ́ omi lásán. Ọmọ tí òùngbẹ bá ń gbẹ, ẹ fi ọmú sí i lẹ́nu. Ìyá ni kó mu omi. Títí ọmọ yóò fi pé oṣù mẹ́fà, kò nílò omi, kò nílò àgbo, kò nílò ògì. Oògùn tí dókítà bá fún un nìkan ló yọ sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ fún un ní ògì tí ẹ fi ẹja tàbí ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà lílọ̀ sí, kí ó sì máa mu ọmú lọ títí ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdẹ ṣì wà nínú omi ọyàn ní ọdún kejì.

N kò fẹ́ tàn yín jẹ. Omi ọyàn kì í dí gbogbo àrùn. Ọmọ tó ń mu ọmú ṣì lè ní ibà. Kò gba ipò abẹ́rẹ́ àjẹsára: ẹ gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ àti ẹ̀kán oògùn inú ẹnu rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n bá kọ sínú káàdì. Ìyá tó ní kòkòrò éèdì, tí àwa ní Lomé ń pè ní SIDA, gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún agbẹ̀bí. Kòkòrò náà lè gba inú omi ọyàn kọjá. Ṣùgbọ́n oògùn wà. Ìyá tó bá ń lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́, tí wọ́n sì ń tọ́jú ọmọ bí ó ti yẹ, lè fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú bí ilé ìwòsàn bá ṣe là á sílẹ̀ fún un. Kó má ṣe fi ìtìjú dá a ṣe nílé.

Nígbà tí mo parí ọ̀rọ̀ yìí, obìnrin tó béèrè ìbéèrè kò sí ní kíláàsì. Wọ́n ní ó ti bímọ láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ọmọkùnrin. Bí a ṣe ń kó ìwé wa jọ, ìyá àgbà kan dìde lẹ́nu ọ̀nà. N kò mọ̀ pé wọ́n ti ń gbọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ni. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn, ojú sì ń tì mí, nítorí n kò mọ ohun tí wọn yóò sọ.

Wọ́n ní, "Olùkọ́, ọmọ náà pé ọjọ́ kejì lónìí. A ti fún un ní omi. Ọyàn náà ṣì pupa. Ṣé ó ti bọ́?"

Mo ní, "Kò tíì bọ́, Mà. Ọdẹ ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó mu ún ní alẹ́ yìí, kí ẹ sì dáwọ́ omi dúró."

Wọ́n tún gèlè wọn wé. Wọn kò dúró gbọ́ ìdágbére mi.